Ẹni márùn-ún ni wá ní Òkè-Ìlewó: irinṣẹ́ wo ni ká fi yẹ ààbò áàpù wa wò?

Ọmọ Òkè-Ìlewó · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo nílò ọgbọ́n yín lórí ọ̀rọ̀ kan.

Àwa márùn-ún la jọ ń kọ áàpù fún àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Wọ́n fi ń gba owó àjọ, wọ́n fi ń yá ara wọn lówó, wọ́n sì fi ń pín èrè ní ìparí ọdún. Laravel, tó jẹ́ ti èdè PHP, la fi kọ ẹ̀yìn rẹ̀, Flutter la fi kọ ti orí fóònù. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN àti iye tí kálukú ní nílẹ̀ ló wà nínú dátábéèsì wa. Ẹgbẹ́ àwọn aládìrẹ kan ní Ìtòkú, tí wọ́n lé ní 400, fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Akápò wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré, ní kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé ẹnikẹ́ni ò ní lè yọjú wo owó ẹlòmíì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá irinṣẹ́ kiri. Ilé iṣẹ́ kan fi iye owó tiwọn ránṣẹ́ sí mi. Dọ́là ni, orí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń kọ kóòdù ni wọ́n ń ka owó lé, odidi ọdún kan ni wọ́n sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo ṣí i sí náírà, ó ju owó tí ẹni méjì nínú wa ń gbà lọ́dún lọ. Mo gbọ́ SAST, mo gbọ́ DAST, mo gbọ́ SCA, ó ti dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Èwo ni kí n mú? Ṣé àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lè tó wa?

Ọmọ Aláró · Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, ìdí aró ni mo dàgbà sí, nítorí náà bí màmá mi ṣe ń yẹ aṣọ wò ni mo fi yé ara mi nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ sára aṣọ tán, kó tó wọnú aró, màmá mi á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á máa fi ìka tọ ojú ẹ̀kọ náà. Ibi tó bá ti sán, tàbí tí kò bo aṣọ dáadáa, ibẹ̀ ni aró máa gbà wọlé. Aṣọ ò tíì kan omi, ó ti mọ ibi tó máa bàjẹ́. SAST nìyẹn. Ó ń ka kóòdù yín láìjẹ́ pé áàpù ń ṣiṣẹ́. Semgrep, SonarQube àti CodeQL wà nínú agbo yìí. Nígbà tí aṣọ bá jáde tó sì gbẹ, á tún gbé e sójú oòrùn, á nà án, á fọ̀ ọ́ wò bóyá àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí. DAST nìyẹn: áàpù ti ń ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ wá ń lù ú láti ìta bí olè ṣe máa lù ú. ZAP àti Burp Suite ni ẹ máa gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀.

SCA wá ni ti ohun tí a rà lọ́jà: aṣọ funfun àti sódà tí kì í ṣe àwa la ṣe é. Kóòdù tí ẹ̀yin márààrún fọwọ́ ara yín kọ kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Composer (fún PHP) àti npm (fún JavaScript) kó wọlé fún yín, ìyẹn àwọn package tí àwọn ẹlòmíì kọ. Ihò tó bá wà nínú rẹ̀, tiyín ni. Ní oṣù Kejìlá 2021 tí Log4Shell jáde, ihò tí wọ́n fún ní 10 nínú 10 lórí ìwọ̀n ewu, ohun tó dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró mọ́jú ni pé wọn ò mọ̀ bóyá Log4j, package Java tí ihò náà wà nínú rẹ̀, tilẹ̀ wà nínú áàpù wọn, torí package mìíràn ló gbé e wọlé.

Ẹ má lọ sùn láìtẹ `composer audit` lálẹ́ yìí. Ó ti wà nínú Composer láti 2.4, ní 2022. Ẹ tẹ `npm audit` náà tí ẹ bá ní JavaScript níbì kan. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

IAST náà wà, èyí tó máa ń jókòó sínú áàpù bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àgbà Pánsẹ́kẹ · Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Àbúrò, kó o tó mú irinṣẹ́ kankan, sọ fún mi: ta ló máa ka ìkìlọ̀ tó bá mú jáde, ọjọ́ wo ló sì máa kà á?

Mo ń bi ọ́ nítorí ohun tí ojú mi rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ra irinṣẹ́ ńlá kan. Lọ́jọ́ tí a tàn án, ìkìlọ̀ tó kó sílẹ̀ lé ní 3,000. A kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú mẹ́wàá, bóyá méjì ló jẹ́ òótọ́, ìyókù jẹ́ ariwo asán. Lọ́sẹ̀ kẹta, àwọn ọmọ iṣẹ́ pa ìfitónilétí rẹ̀ lórí Slack. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, olè wọlé gba ihò kan. Nígbà tí a padà sínú irinṣẹ́ yẹn, ihò náà wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti dárúkọ fáìlì, ó ti dárúkọ ìlà. A ti sanwó fún ẹni tó máa pe àkíyèsí wa, a wá di etí. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ lórí irinṣẹ́, àní ti èmi náà, àyàfi tí mo bá gbé e sórí kóòdù tèmi. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Gbogbo ẹgbẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ló ti tún ihò kan ṣe rí. Ṣí git rẹ, níbi tí ìtàn kóòdù yín wà, wá àwọn commit (àyípadà kọ̀ọ̀kan tí ẹ tọ́jú síbẹ̀) tí ẹ fi tún àṣìṣe ààbò ṣe. Bó ṣe márùn-ún ni, bó ṣe mẹ́wàá ni, ó tó. Padà sí commit tó ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ihò ṣì wà níbẹ̀, kó o wá tú irinṣẹ́ sórí rẹ̀. Ṣé ó rí i? Kọ ọ́ sílẹ̀. Ariwo asán mélòó ló pa kó tó débẹ̀? Kọ ìyẹn náà. Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà? Tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí gbogbo push, ìyẹn ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi kóòdù tuntun ránṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ máa wá ọ̀nà yí i ká. Ọjọ́ méjì péré ni iṣẹ́ yìí máa gbà ọ́, ó sì máa sọ ohun tí ìwé ìpolówó kankan ò ní sọ fún ọ. OWASP, àjọ tó ń rí sí ààbò áàpù, ní Benchmark tí wọ́n ṣe fún irú ìdánwò báyìí, àmọ́ Java ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́. PHP ni tìẹ. Kóòdù tìẹ ni kó o fi dán an wò.

Torí pé PHP ni, jẹ́ kí n tètè yọ àwọn kan kúrò lọ́nà rẹ. CodeQL lágbára púpọ̀, àmọ́ kò ka PHP, má wulẹ̀ dààmú ara rẹ. SonarQube tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ń ka PHP, ó sì dáa fún ìmọ́tótó kóòdù, ṣùgbọ́n apá tó ń tọ ipa dátà láti ibi tí oníbàárà ti tẹ̀ ẹ́ wọlé títí dé ibi tó ti wọ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, kò sí nínú ti ọ̀fẹ́. Semgrep ń ka PHP. Psalm náà ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní taint analysis, ìyẹn gan-an ló ń tọ ipa yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Fi àwọn méjèèjì yìí bẹ̀rẹ̀.

Ìkìlọ̀ àtijọ́ ńkọ́? Má ṣe jẹ́ kó dí ọ lọ́nà. Semgrep lè fojú sí kìkì ohun tó yí padà látìgbà commit kan tó o bá dárúkọ. Jẹ́ kó máa dá kóòdù tuntun dúró, kẹ́ ẹ wá ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ti àtijọ́.

Ọ̀gá QA Ìbarà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, Àgbà Pánsẹ́kẹ. Mo gba ti yín lórí commit àtijọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lẹ́yìn yín díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Èèyàn bí ogójì ló ń kọ kóòdù níbi tí mo wà, oríṣi èdè mẹ́rin la sì ń lò. A fi ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún kan, irinṣẹ́ mẹ́fà ló ń kó ìkìlọ̀ sí ibi mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń fi ọwọ́ kó wọn jọ sínú tábìlì Excel. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí a ti tún ṣe àti èyí tó kù. Owó ọ̀fẹ́ yẹn ti jáde lára owó oṣù ẹnì kan láìjẹ́ pé a mọ̀. A wá ra èyí tó kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, tó ń yọ ìkìlọ̀ tó jọra kúrò, tó sì ń tẹ ìjábọ̀ tí àwọn aṣàyẹ̀wò báńkì máa gbà. Kò dùn wá.

Ṣùgbọ́n fún ẹni márùn-ún, rárá. Kí àbúrò wa má sanwó. Ohun tí mo fẹ́ kó ṣe ni pé irinṣẹ́ tó bá mú, kó rí i pé ó lè tẹ èsì rẹ̀ jáde ní SARIF. Ọ̀nà ìkọ èsì kan tí ọ̀pọ̀ wọn jọ gbà ni, tó bá di ọjọ́ tó fẹ́ yí irinṣẹ́ padà, kò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí ìkìlọ̀ bá sì pọ̀, DefectDojo wà tó ń kó wọn jọ, ọ̀fẹ́ ni, sẹ́fà kékeré kan ló máa béèrè.

Nígbà tí ẹ bá ń bá olùtajà sọ̀rọ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí kóòdù yín ń lọ. Àwọn kan ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí sẹ́fà tiwọn. Semgrep tí ẹ bá tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, orí kọ̀ǹpútà yín ni kóòdù dúró sí.

Ará Ọbáńtokò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Lórí ZAP ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí ìyà lórí rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì tún rí i.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ní kó lu áàpù oníbàárà wa kan mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, nǹkan kéékèèké mẹ́rin péré ló sọ pé òun rí. Inú wa dùn, a tẹ ìjábọ̀, a fi ránṣẹ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwọn URL tó dé. Kò kọjá ojú ewé tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Gbogbo ibi tí owó wà, kò débẹ̀ rí. A ti fi ọwọ́ ara wa fún oníbàárà ní ìwé pé ilé wà láàbò, nígbà tó jẹ́ pé ìta gbangba nìkan la wò. Mo ní láti pè wọ́n padà, kí n sì sọ òótọ́. Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò nínú ìjábọ̀ kankan ni iye ojú ewé tó dé, kí n tó wo iye ihò tó rí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo fún un ní ọ̀nà àtiwọlé, àmọ́ mo dojú rẹ̀ kọ sẹ́fà tí àwọn èèyàn ń lò gan-an. ZAP tó bá ń gbógun máa ń kún gbogbo fọ́ọ̀mù tó bá rí, á sì tẹ gbogbo bọ́tìnì. Ó tẹ bọ́tìnì tó ń fi kóòdù ìwọlé ránṣẹ́ lórí SMS léraléra. Owó SMS wa tán lóru ọjọ́ kan, àwọn àgbàlagbà kan sì jí sí fóònù tí kò dákẹ́, wọ́n rò pé olè ti dé ìdí owó wọn.

Nítorí náà, Ọmọ Òkè-Ìlewó: ẹ ní sẹ́fà ìdánwò tó dá dúró, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àfọwọ́dá wà nínú rẹ̀, kí ẹ má sì da dátà gidi síbẹ̀. Ẹ pa SMS àti owó sísan níbẹ̀. Torí pé API, ẹnu ọ̀nà tí áàpù fi ń bá sẹ́fà sọ̀rọ̀ láìsí ojú ewé, ni Flutter yín ń bá sọ̀rọ̀, ZAP ò ní rí ìjápọ̀ kankan tẹ̀ lé. Ẹ kọ fáìlì OpenAPI, èyí tó to àwọn ẹnu ọ̀nà API sílẹ̀, kí ẹ gbé e fún un, yóò fi mọ gbogbo ẹnu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n ń pè ní baseline, ìṣẹ́jú kan ló fi ń rìn kiri, kì í gbógun, ẹ lè máa ṣe é lórí gbogbo push. Èyí tó ń gbógun, ẹ jẹ́ kó máa ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, lórí sẹ́fà ìdánwò nìkan.

Ẹ máa rí i tí àwọn ìwé àtijọ́ ń pè é ní OWASP ZAP. Ó ti kúrò lábẹ́ OWASP ní 2023, irinṣẹ́ kan náà ni. Burp Suite ọ̀fẹ́ dáa tí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ ara yín dán nǹkan wò, àmọ́ apá tó ń dá ihò wá fúnra rẹ̀ wà nínú Professional tí wọ́n ń sanwó fún.

Fún APK, ìyẹn fáìlì áàpù ti Android, ẹ wo MobSF. Ó máa sọ àṣẹ tí áàpù ń béèrè lórí fóònù àti kọ́kọ́rọ́ tí ẹ bá gbàgbé sínú rẹ̀. Kóòdù Dart fúnra rẹ̀ ò ní yé e púpọ̀, torí Flutter ti sọ ọ́ di kóòdù ẹ̀rọ.

Aṣọ́de Adátán · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:18 ìrọ̀lẹ́

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti rí wàhálà jù. Mo fi Gitleaks, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú git, wo repo (ibi tí kóòdù wà) àwọn ọ̀rẹ́ mi kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń gba owó orí ayélujára wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “A ti pa á rẹ́ tipẹ́.” Wọ́n pa á rẹ́ lójú fáìlì lóòótọ́, àmọ́ git kì í gbàgbé. Ó wà nínú commit àtijọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní repo lè fà á jáde. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọ git lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti fún yín, ẹ fagi lé e, kí ẹ gba tuntun. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Lórí iná àti dátà: ẹ má fi làpútọ́ọ̀pù yín ṣe àyẹ̀wò wọ̀nyí. Ẹ gbé e sórí GitHub Actions, tó ń ṣe é lórí sẹ́fà GitHub. Repo aládàáni tó wà lórí àkáǹtì ọ̀fẹ́ ń gba 2,000 ìṣẹ́jú lóṣù, ó pọ̀ tó fún ẹni márùn-ún. Tí NEPA bá mú iná lọ, àyẹ̀wò yín ń lọ lọ́hùn-ún. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn action, kóòdù tí ẹlòmíì kọ fún iṣẹ́ yìí, tí ẹ máa pè. Ní oṣù Kẹta 2025, ẹnì kan wọ tj-actions/changed-files, ó sì yí àmì ẹ̀dà àtijọ́ padà kó lè tú kọ́kọ́rọ́ àwọn èèyàn sójú log. Ẹni tó ti so tiẹ̀ mọ́ odidi nọ́ńbà commit, tí kò so ó mọ́ orúkọ ẹ̀dà lásán, nìyẹn ò kàn.

Trivy tún wà tó ń wá ihò nínú image Docker, àpótí tí wọ́n ń di áàpù sí. Ẹ sọ fún un pé HIGH àti CRITICAL nìkan ni kó dá yín dúró lé lórí, kó sì fo èyí tí wọn ò tíì ṣe àtúnṣe fún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á bò yín mọ́lẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. FUNAAB ni mo wà, mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ṣé mo lè fi ZAP lu ìkànnì ilé ìwé tàbí ti ilé ìtajà kan láti fi kọ́ṣẹ́, tí mi ò bá ba nǹkan jẹ́? Lẹ́yìn náà, ṣé ẹ̀rọ AI ò lè ka kóòdù kó sì sọ gbogbo ihò tó wà níbẹ̀?

Lọ́yà Kútọ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:47 alẹ́

Ọmọ mi, má ṣe é. Má ṣe é rárá, bí èrò ọkàn rẹ tilẹ̀ mọ́. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà láti 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Kò sí àlàyé “mo kàn ń kọ́ṣẹ́ ni” tó máa dùn létí ọlọ́pàá tó bá gbé kọ̀ǹpútà rẹ lọ. OWASP ti ṣe Juice Shop àti WebGoat sílẹ̀, ihò ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi kún inú wọn. Gbé ọ̀kan sórí làpútọ́ọ̀pù rẹ, kó o lù ú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ọmọ Òkè-Ìlewó náà, bẹ́ ẹ bá ń lu sẹ́fà tí ẹlòmíì ni, ẹ gba àṣẹ lórí ìwé: ọjọ́, àdírẹ́sì sẹ́fà, àti ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá dàrú.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé BVN wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti 2023. Tí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa àwọn èèyàn lára, wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń bójú tó ìdáàbòbò dátà. Ìtanràn tó ga jù fún àwọn tí òfin kà sí pàtàkì ni ₦10 mílíọ̀nù tàbí 2% owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Fún àwọn yòókù, ₦2 mílíọ̀nù tàbí 2%. Ẹ máa tọ́jú ìjábọ̀ àyẹ̀wò yín pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín léèrè ohun tí ẹ ṣe láti dáàbò bò wọ́n, ìwé yẹn ló máa gbẹnu sọ fún yín.

Àgbà Pánsẹ́kẹ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Àbúrò Alábàtà, AI lè bá ọ ka kóòdù, mo ń lò ó. Ó máa ń rí nǹkan. Ó tún máa ń fi ìdánilójú sọ ihò tí kò sí níbẹ̀, nígbà míì sì rèé, á ní kó o fi package kan tí kò sí rí láyé kún iṣẹ́ rẹ. Tí ẹni burúkú bá wá fi orúkọ yẹn gbé package tiẹ̀ síta, o ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ohun tí AI bá sọ, dán an wò lórí commit àtijọ́ bí o ṣe máa dán irinṣẹ́ yòókù wò.

Kí gbogbo wa sì rántí Equifax, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn. Àtúnṣe fún ihò Apache Struts, kóòdù Java kan tí wọ́n ń lò, jáde ní oṣù Kẹta 2017. Wọ́n tú irinṣẹ́ sílẹ̀ kó wá a nínú kọ̀ǹpútà wọn lóṣù yẹn kan náà, irinṣẹ́ ò rí i, wọ́n sì gbà pé kò sí. Lóṣù Karùn-ún, olè ti wà nínú ilé. Dátà èèyàn tó tó mílíọ̀nù 147 ló kàn. Ní oṣù Kẹta 2024, ọ̀nà ẹ̀yìn tí wọ́n fi pamọ́ sínú xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ lórí Linux, Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ kóòdù, ló rí i, torí SSH rẹ̀ (ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọ sẹ́fà láti òkèèrè) ń falẹ̀ ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó sì fẹ́ mọ ìdí. Ẹni tó ń wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni ohun tí ìyá akápò béèrè. Ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti gbogbo wa níbí lọ. “Ṣé ẹlòmíì lè wo owó mi?” Kí ọmọ ẹgbẹ́ wọlé pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, kó yí nọ́ńbà tó wà nínú àdírẹ́sì láti 118 sí 119, kó sì rí owó aládùúgbò rẹ̀. Irú àṣìṣe yìí ni OWASP gbé láti ipò karùn-ún sí ipò kìíní nínú Top 10, àkójọ ewu mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì jù, ti 2021. Semgrep ò mọ ẹni tó ni 118. ZAP ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa kọ tẹ́ẹ̀sì rẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ A, ọmọ ẹgbẹ́ B, kí A béèrè gbogbo ohun tó jẹ́ ti B, kó sì gba 403, ìyẹn “a ò gbà ọ́ láyè,” níbi gbogbo. Nínú Burp, Autorize wà tó ń tún ìbéèrè kan náà fi ránṣẹ́ lórúkọ ẹlòmíì, ẹ fi kún un.

Ọmọ Òkè-Ìlewó · Ọjọ́ Àìkú, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún mi ni mo ń ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, lọ́kọ̀ọ̀kan.

`composer audit` rí package mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, a ti gbé wọn sókè. Gitleaks rí kọ́kọ́rọ́ SMS wa nínú commit ọdún méjì sẹ́yìn. A ti fagi lé e, a sì ti gba tuntun.

Mo ṣe ìdánwò Àgbà Pánsẹ́kẹ. A rí àṣìṣe ààbò méje tí a ti tún ṣe rí. Semgrep rí mẹ́ta. Psalm rí méjì, Semgrep ti rí ọ̀kan nínú wọn tẹ́lẹ̀. ZAP rí méjì lórí sẹ́fà ìdánwò, ọ̀kan nínú wọn náà jẹ́ èyí tí Semgrep ti rí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ márùn-ún nínú méje, owó dọ́là kankan ò sì jáde. Ilé iṣẹ́ tó fi iye owó ránṣẹ́ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dán tiwọn wò, mo gbé e sórí àwọn commit kan náà. Márùn-ún yẹn gan-an ló rí. Ojú ewé rẹ̀ dára, àlàyé rẹ̀ sì yé ni ju ti ọ̀fẹ́ lọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tá a bá di ogún, màá tún bá wọn sọ̀rọ̀.

Méjì tó kù, kò sí èyí tó rí i nínú gbogbo wọn. Ọ̀kan ni èyí tí Àgbà sọ, yíyí nọ́ńbà padà. Èkejì ni pé tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi fóònù méjì tẹ “yá owó” lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa gba owó náà. A ti fi `lockForUpdate`, tó ń ti àkọsílẹ̀ pa títí ẹni àkọ́kọ́ á fi ṣe tán, dí ìyẹn láti ọdún tó kọjá, àmọ́ kò ní tẹ́ẹ̀sì. Ó ti ní i báyìí. Nígbà tí a kọ tẹ́ẹ̀sì A àti B sórí gbogbo ẹnu ọ̀nà wa, a rí méjì mìíràn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọ̀kan ni ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé àkáǹtì oṣù ní PDF. Ọjọ́ tí mo rí ìyẹn, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. A tì í lálẹ́ ọjọ́ náà, a sì ka log padà sẹ́yìn títí dé ibi tó dé. A ò rí àmì pé ẹnì kan ti gba ibẹ̀.

Mo lọ sí Ìtòkú lánàá. Mo mú ìjábọ̀ dání, mo sì mú fóònù méjì dání. Ìyá akápò ò wo ìjábọ̀ náà púpọ̀. Mo ní kí wọ́n mú orúkọ kan, kí igbákejì wọn mú ìkejì, a so fóònù mọ́ làpútọ́ọ̀pù, mo sì fi nọ́ńbà igbákejì béèrè ìwé àkáǹtì lórúkọ tiwọn. Áàpù kọ̀. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tún un ṣe. Wọ́n wá bi mí pé, “Tí ẹ bá tún nǹkan mìíràn ṣe lóṣù tó ń bọ̀, ṣé yóò ṣì máa kọ̀?” Mo ní tẹ́ẹ̀sì náà ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo push, tí kò bá kọ̀, kóòdù ò ní jáde. Wọ́n ní kí n máa mú fóònù méjì yẹn bọ̀ ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n máa fi ojú ara wọn rí i. A ti kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Ìkìlọ̀ Psalm tó kù sílẹ̀ jẹ́ 41. Ọjọ́rú, aago méjì sí mẹ́rin, la yà sọ́tọ̀ fún un.

Ará Ọbáńtokò · Ọjọ́ Àìkú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Mo ní ìlànà Semgrep díẹ̀ tí a kọ fún Laravel, èyí tó ń mú `DB::raw` (SQL tí wọ́n kọ ní tààrà) àti `$guarded` tó ṣófo (tó ń jẹ́ kí èèyàn kọ ohunkóhun sí àyè tí kò yẹ). Màá gbé e síbí kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó pé.